Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù máa ń bi mí lórí pírójẹ́ẹ̀tì tara wọn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kábà nílẹ̀ Okun, ní Kogí, ni mo wà, Sátidé-Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kóòdù, ìyẹn àṣẹ téèyàn ń kọ fún kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí látọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn míì á dúró di aago mọ́kànlá alẹ́ kí wọ́n tó wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀.

Kí lẹ máa ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì gan-an? Ṣé kì í ṣe ásáíńmẹ́ǹtì náà ni?

Rárá o. Ásáíńmẹ́ǹtì ní ìdáhùn kan, tíṣà ti mọ̀ ọ́n kó tó fún ẹ. Pírójẹ́ẹ̀tì tí mo ń sọ ò ní ìdáhùn lẹ́yìn ìwé. Mo lè ní kí èèyàn mẹ́wàá ya aṣọ híhun sójú kọ̀ǹpútà, kí ti oníkálukú yàtọ̀, kí gbogbo ẹ̀ sì dáa.

Ìwọ lo máa mú ohun tó o fẹ́ ṣe, ìwọ náà lo máa sọ pé ó ti tó. Ibẹ̀ ló ti ń dùn, ibẹ̀ náà ló ti ń le, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé-ìwé ni pé kéèyàn jókòó dè é kí wọ́n sọ ohun tó máa ṣe fún un.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní láptọ́ọ̀pù, fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀?

Bẹ̀rẹ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ Android, wa Pydroid 3 lórí Play Store, tó bá ti wọlé tán, Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, á máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Tó bá jẹ́ HTML àti JavaScript, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé browser, lo fẹ́ kọ, Acode dáa. Ìka á kọ́kọ́ máa ṣì tẹ̀, bracket àti colon á máa sá pamọ́ fún ẹ nínú kíbọọ̀dù, ó máa mọ́ ẹ lára. Ọmọ kan wà tó wá láti Ìsánlú, kíbọọ̀dù oníwáyà táwọn èèyàn ti jù sílẹ̀ ló lọ tọrọ, ó fi OTG, wáyà kékeré tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ fóònù, so ó mọ́ fóònù ẹ̀, lónìí ó ń tẹ̀ ẹ́ yára ju èmi tí mo ní láptọ́ọ̀pù lọ.

Ti iná, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń ṣe wá níbí. Mo ti rí i pé àwọn tó ń fi bírò ronú sínú ìwé nígbà tí iná ò sí, wọ́n máa ń tètè parí ju àwọn tí fóònù wọn kì í kú lọ. Mi ò sọ pé kí NEPA máa mú un lọ o.

Èdè wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ kékeré, Scratch. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde lọ́dún 2007, búlọ́ọ̀kù lèèyàn máa ń tò lé ara wọn, kò sí pé o ń ṣi sípẹ́lì kọ. Ẹni tó ti dàgbà díẹ̀, Python tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ìṣirò àti àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀, JavaScript tó bá jẹ́ nǹkan tó o fẹ́ kí èèyàn ṣí lójú browser. Python ti wà láti 1991, JavaScript láti 1995, kò sí èyí tó máa kú lọ́la. Má jà lórí ẹ̀ ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ, mú ọ̀kan.

Mi ò ní àídíà kankan. Gbogbo nǹkan táa lè ṣe ni wọ́n ti ṣe.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹ ni pé orí YouTube lo ti ń wá àídíà, ẹni tó sì wà lórí YouTube ò mọ ilé yín. Dìde, rìn yí àdúgbò ká, kó o máa wo ibi táwọn èèyàn ti ń ka nǹkan, ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń jiyàn. Tó bá di àsìkò kaṣú, ẹni tó ń ra á lọ́wọ́ àgbẹ̀ máa ń ní ìwé kan tó ti dọ̀tí, kílò mélòó, iye tó san, iye tó kù tó jẹ. Prógíráàmù nìyẹn. Akọrin ìjọ yín ò mọ orin tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n á tún kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Prógíráàmù nìyẹn náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wúlò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti gbé wá, ti ọmọbìnrin kan tí ìyá ìyá ẹ̀ ń hun aṣọ ní Bùnú ni. Ó jókòó ti màmá, ó ń ka òwú bí àwọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, pupa mélòó, dúdú mélòó, ó kọ ọ́ sínú list kan, ìyẹn àwọn nǹkan téèyàn tò jọ, ó wá fi loop, àṣẹ tó ń tún ara ẹ̀ ṣe, fa ìlà náà sójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú turtle, ohun ìyàwòrán inú Python. Ó pẹ́ kó tó wá mọ̀ pé òun lè yí nọ́ńbà kan péré padà kí gbogbo aṣọ náà di òmíì. Màmá wò ó títí, ó ní àwọ̀ kan ò sí ní ipò ẹ̀. Òótọ́ ni, ọmọ náà ti fo nọ́ńbà kan.

Turtle yẹn, inú èdè kan tí wọ́n ń pè ní Logo ló ti wá, èdè náà bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Seymour Papert wà lára àwọn tó ṣe é fún àwọn ọmọdé, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjàpá kékeré kan wọ inú ẹ̀ kí wọ́n lè máa pàṣẹ fún un kó máa fa ìlà kiri. Èmi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé alábahun yìí kan náà ni, inú kọ̀ǹpútà ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tún gbé e dé.

Mo fẹ́ ṣe nǹkan bíi WhatsApp, ṣùgbọ́n ti àwa ọmọ Okun.

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí WhatsApp bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ohun tó wà fún ni kéèyàn kọ ipò tó wà síwájú orúkọ ẹ̀, pé ọwọ́ mi dí, pé bátìrì mi ti fẹ́ kú, ẹ̀yìn ìyẹn ló di nǹkan tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tó ṣe é gan-an ò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwọ fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Gé e wálẹ̀. Nínú gbogbo WhatsApp ti Okun tó wà lọ́kàn ẹ, èwo ni tìẹ gan-an níbẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń dùn ẹ́ ni pé àwọn ọmọ wa tó wà l'Ábújá ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé mọ́, ṣe ojú ewé kan tí wọ́n á ti tẹ Owé, Ìyàgbà, Bùnú, Ìjùmú àbí Òwòrò, kí ìkíni ibẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ kan lo máa fi ṣe é. Ti WhatsApp, wàá ṣe ojú ibi tí wọ́n ti ń wọlé, wàá yan àwọ̀, wàá ṣe lógò, ibẹ̀ ló máa dúró sí.

Báwo ni kí n ṣe gbèrò ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ kóòdù?

Kọ gbólóhùn kan sínú ìwé, nípa ẹni tó máa lò ó, kì í ṣe nípa kóòdù. Ká ní géèmù àlọ́ àpamọ̀ lo fẹ́ ṣe: "Ẹni tó ń ṣeré á rí àlọ́ kan, á tẹ ìdáhùn, á mọ̀ bóyá ó gbà á." Tí o bá rí i pé ò ń kọ "á tún" lẹ́ẹ̀mẹta, pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lo ń kọ yẹn, mú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ya ojú ẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń yàwòrán, ibi tí àlọ́ á wà, ibi tí wọ́n á tẹ nǹkan sí. Mú ìwé náà lọ bá ẹnì kan nílé kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ bíi pé fóònù ni, kíá lo máa rí ibi tó ti rú u lójú.

Nísinsìnyí wá ṣe èyí tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́. Àlọ́ kan, ìdáhùn kan:

```
idahun = input("Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́. Kí ni o? ")
if idahun == "ahọ́n":
    print("O gbà á!")
else:
    print("Rárá o, tún un gbìyànjú.")
```

Ìlà márùn-ún, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ tó ṣú, ìyẹn nìkan ni òfin tí mo ní. Láti ibẹ̀, nǹkan kan ni kó o máa fi kún un lẹ́ẹ̀kan, àlọ́ púpọ̀ nínú list, kó máa ṣà á bó ṣe wù ú, kó máa ka ẹni tó gbà á, tó o bá sì ti fi ọ̀kan kún un kó o dán an wò kó o tó fi èkejì kún un, torí ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ìlà kó tó tẹ Run, bí error bá yọ kò ní mọ èwo nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá a jà.

Tó bá jẹ́ àlọ́ àpagbè tí èèyàn á máa yan ọ̀nà tí ìjàpá máa gbà lo fẹ́ ṣe, Twine ni kó o lọ wò. Kò tiẹ̀ pọn dandan kó o mọ kóòdù kó o tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Àwa mẹ́ta la fẹ́ jọ ṣe é, ṣé ó dáa?

Èèyàn méjì dáa. Tó bá di mẹ́ta, ẹnì kan á di ẹni tó ń ra bisikí.

Mo rí ọ̀rọ̀ pupa rẹpẹtẹ, mo sì pa á dé. Kí ló yẹ kí n ṣe?

Má pa á dé. Ìlà tó kẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ kà, orúkọ àṣìṣe náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ wà lókè ẹ̀ díẹ̀. NameError, o pe orúkọ tí Python ò mọ̀, o kọ "àlọ́" lókè, o wá kọ "alọ" nísàlẹ̀. IndentationError, ààyè tó o fi sílẹ̀ níwájú ìlà kan ò bá ti àwọn yòókù mu. Tí nọ́ńbà ìlà yẹn bá mú ẹ lọ síbi tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é, wo ìlà tó wà lókè ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bracket ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tí kò yọ ọ̀rọ̀ pupa ló burú jù, ó ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ìdáhùn ẹ̀ ò tọ̀nà. Fún ìyẹn, pe ẹnì kan, kó o máa ka kóòdù náà sí i létí ní Yorùbá, ìlà-ìlà, "níbí mo ní tó bá ju mẹ́wàá lọ." Àwọn òyìnbó máa ń bá pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà sọ̀rọ̀, àbúrò mi ni mo máa ń lò ní tèmi. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, àárín ọ̀rọ̀ lèmi fúnra mi á ti pariwo pé "háà!"

Ṣé olè ni tí mo bá mú kóòdù ẹlòmíì? ChatGPT ńkọ́?

Gbogbo wa la ń mú lọ́wọ́ ara wa. Bí telọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe máa ń tú aṣọ àtijọ́ kó lè rí bí wọ́n ṣe gé e, tú u, wò ó, yí i padà títí á fi di tìẹ, kó o sì kọ ẹni tó ni ín sókè fáìlì.

ChatGPT, bi í ní ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, kó ṣàlàyé error fún ẹ, ìyẹn ò burú. Ohun tí mo kọ̀ ni kó o ní kó bá ẹ kọ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ bí mo ṣe ń mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀: mo máa pa ìlà kan rẹ́ nínú iṣẹ́ ẹ níṣojú ẹ, mo máa ní kó o tún un ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ fúnra ẹ̀ á kùn, á sì tún un ṣe. Ẹni tí kò kọ ọ́ á máa wo fóònù ẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ méje, mi ò parí ọ̀kan. Kí ló ń ṣe mí?

Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni ẹ, o ò sọ fún ara ẹ níbẹ̀rẹ̀ ibi tó ti tó ni. Padà lọ síbi gbólóhùn kan yẹn. Tó bá ti ń ṣe ohun tí gbólóhùn náà sọ, ó ti parí, fi han èèyàn, kódà bí àwọ̀ ẹ̀ ò bá dáa. Fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja tí kò mọ̀ ẹ́ dáadáa, kó ṣí i láìsí pé o wà níbẹ̀ tí wàá máa sọ pé "rárá, tẹ ìyẹn kọ́kọ́."

Méje yẹn náà, má pa á rẹ́. Mo sọ odindi géèmù kan nù rí torí pé orí flash kan ṣoṣo ló wà, flash yẹn sì wọ omi ìfọṣọ lọ pẹ̀lú ṣòkòtò. Máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pẹ̀lú déètì lójoojúmọ́ tó o bá ṣiṣẹ́. Tó bá ti mọ́ ẹ lára, kọ́ Git, Linus Torvalds ló kọ ọ́ ní 2005 nítorí iṣẹ́ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, Git máa rántí gbogbo ìgbà tó o yí nǹkan padà, wàá bọ́ lọ́wọ́ orúkọ fáìlì bíi "final", "final2", "final gan-an."

Ọmọ mi wà nídìí fóònù látàárọ̀, ó ní kóòdù lòun ń kọ. Báwo ni kí n ṣe mọ̀, èmi tí mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ mọ kóòdù. Ẹ ní kó fi ohun tó ṣe lónìí tí kò sí níbẹ̀ lánàá hàn yín. Tó bá jẹ́ òótọ́ ló ń kọ, nǹkan kékeré kan á ti yí padà, á sì máa yá a lára láti sọ ọ́, àfi kẹ́ ẹ dá a dúró. Tó bá jẹ́ pé ìkùnà ló ní lónìí, iṣẹ́ nìyẹn náà, ẹ ní kó sọ ohun tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń tan yín jẹ á sọ pé ẹ ò lè gbọ́ ọ.

Tíṣà ni mí ní Mọ́pà. Báwo lẹ ṣe ń máàkì iṣẹ́ tí kò ní ìdáhùn kan?

Èyí le, mo sì ń yí èrò mi padà lórí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní báyìí, mo máa ń bi ọmọ náà ní ohun tó fẹ́ ṣe, mo máa wo bóyá ó ṣe é, mo máa wá ní kó yí nǹkan kan padà níṣojú mi, nǹkan tí kò retí. Máàkì tó pọ̀ jù wà níbẹ̀. Èmi kì í fún ẹwà ní máàkì púpọ̀ torí ẹni tí dátà wà nílé wọn á ti lọ wa àwòrán tó dáa, ọmọ tó wá láti oko ò ní. Ọmọ tó gé pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kù láàárín ọ̀nà nítorí ó ti rí i pé ó tóbi jù, mo máa ń fi máàkì kún tiẹ̀. Àwọn tíṣà kan ò gbà pẹ̀lú mi lórí ìyẹn.

Géèmù àlọ́ mi ń sọ pé ìdáhùn ò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ mo tẹ "ahọ́n" tó pé pẹ̀lú àmì. Ṣé Python kórìíra Yorùbá ni?

Kò kórìíra wa, ọ̀nà méjì ló wà láti kọ lẹ́tà wa ni. Ojú tìẹ ń rí lẹ́tà mẹ́ta nínú "ọjọ́". Kọ̀ǹpútà lè rí mẹ́rin, torí ọ tó ní àmì òkè ò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọ ló máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì lé e lórí bíi lẹ́tà míì. Kíbọọ̀dù míì tún wà tó máa ya ààmì ìsàlẹ̀ náà sọ́tọ̀, ìyẹn di mẹ́fà. Tẹ `len("ọjọ́")`, á ka iye tí Python rí fún ẹ, kó o wò ó. Tí èyí tó o kọ sínú kóòdù bá jẹ́ ọ̀nà kan, tí ẹni tó ń ṣeré bá fi ọ̀nà kejì tẹ̀ ẹ́, ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ṣùgbọ́n `==`, àmì tó ń béèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba, á sọ pé wọn ò dọ́gba.

Kọ `import unicodedata` sókè, kó o lo `unicodedata.normalize("NFC", ...)` fún méjèèjì kí wọ́n lè di ọ̀nà kan náà kó o tó fi wọ́n wéra. Ó tán.

Èyí tí kò tán ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ "ahon" láìsí àmì kankan. O lè bó gbogbo àmì kúrò lára méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ àti òjò á wá di ọ̀kan náà, ojo tó ń bẹ̀rù á tún bá wọn dọ́gba. Nínú géèmù àlọ́ mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Nínú géèmù tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, mi ò ní gbà láéláé. Ìwọ ni kó o pinnu ní tìẹ.

Mo ṣe kàlẹ́ńdà ọjà abúlé wa tó ń ná lọ́rọọrún, mo fi % 5 (ohun tó ṣẹ́kù tí a bá fi márùn-ún pín iye ọjọ́) ṣe é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló ti ṣì.

Ó kéré tán, ọmọ mẹ́rin ti ṣubú sínú kòtò yìí lójú mi. Ọrún, márùn-ún ló ń wí lóòótọ́, àmọ́ báwọn àgbà ṣe ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí ọjà ná lónìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ìkíní. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ìrẹni, ọjọ́ karùn-ún ọjà tún ná. Kọ̀ǹpútà kì í ka òní, ó ń yọ déètì kúrò nínú déètì ni, mẹ́rin ló máa rí. Nítorí náà `% 4`. Ìtàdógún náà bẹ́ẹ̀, mẹ́tàdínlógún ló wà lára orúkọ ẹ̀, ọjọ́ 16 ló jẹ́ tí Python bá kà á, ó sì pé ọrún mẹ́rin gẹ́lẹ́.

Tó o bá tún fẹ́ kó máa wo ẹ̀yìn, bóyá ọjà ná lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ, ṣọ́ra tó o bá ń kó o lọ sí JavaScript: Python á sọ pé `-1 % 4` jẹ́ 3, JavaScript á sọ pé -1.

Ọjọ́ tó o fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ló ṣẹ́kù. Má fojú díwọ̀n ẹ̀, pe ìyá ẹ nílé kó o bi wọ́n ọjọ́ tí ọjà ná kẹ́yìn.